Tírígà Tí Mo Yàn

Ọdún tí ilé iṣẹ́ ike tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Sango lé mi dànù ni mo di ẹni tó ń tọ́jú ìbọn. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo di olè o. Ìbọn ìṣeré ni. Afẹ́fẹ́ ló ń ti ọta rẹ̀ jáde, ọta náà kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ, ọ̀dà olómi ló sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá bà, aṣọ rẹ̀ á kun ọ̀dà, wọ́n á ní ó ti kú, yóò sì lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí eré á fi parí.

Ìgbà yẹn ni ṣọ́ọ̀ṣì àti yunifásítì ń hù ní Ọ̀tà bí olú. Oko tí a ti ń dẹ pàkúté nígbà kan ti di ọgbà tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù yí ká. Obìnrin oníṣòwò kan láti Èkó rí i pé àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì àti akẹ́kọ̀ọ́ ń wá ibi tí wọ́n á ti ṣeré láìsí ọtí. Ó ra ilẹ̀ sí ọ̀nà Ijoko, ó to táyà àti dírọ́ọ̀mù síbẹ̀ fún ìsápamọ́, ó sì gbà mí pé kí n máa ki afẹ́fẹ́ sínú ìbọn, kí n sì máa tún wọn ṣe.

Kó tó ra wọn, ó gbé oríṣi méjì síwájú mi pé kí n yan èyí tó dára. Ti àkọ́kọ́, irin lásán ni. Kí ọta kan tó jáde, ìka gbọ́dọ̀ fa tírígà rẹ̀ dé ìdí. Ìkejì ń lo bátìrì. Bí ìka bá ti kan tírígà rẹ̀ báyìí, ọta ti lọ, bí ìka bá sì ń gbọ̀n níbẹ̀, ọta á máa tẹ̀lé ara wọn ni. Màdáámù bi mí pé èwo ni kò ní kó òun sí wàhálà.

Mo mọ ìdáhùn. Níbi iṣẹ́ ike, ẹ̀rọ àtijọ́ tí à ń fi gbogbo apá fà kò gé ẹnikẹ́ni níka rí lójú mi. Ẹ̀rọ tuntun tí à ń fi ìka kan tẹ̀ gé ìka ọkùnrin méjì kí ọdún tó yípo. Ẹni tó ń fi agbára fa nǹkan mọ ohun tó ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tuntun yẹn kan náà ni ọ̀gá wa rí wí tó fi lé mi. Ó ní ara ayé àtijọ́ ni mí, pé n kò mọ nǹkan oníbọ́tìnì. Ọ̀rọ̀ náà ń ta mí lára.

Ni mo bá nawọ́ sí oníbátìrì. Mo ní òun ló bá ìgbà mu, pé àwọn ìyá ẹgbẹ́ akọrin kò ní máa ráhùn pé ìka ń ro wọ́n, pé kò sí ohun tí n kò lè tú palẹ̀ lára rẹ̀. Ìgbéraga lásán ni. Inú mi sì dùn lọ́jọ́ náà bí ẹni tí wọ́n dá padà sẹ́nu iṣẹ́.

Àbúrò mi kan ṣoṣo, ọmọ ìyá mi, ń gbé ní Joju. Ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wa ọkọ̀ akérò, ẹ̀yìn sì ń dùn ún. Nígbà tó yá, yunifásítì kan ní kó wá máa wa bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́. Owó oṣù ń bẹ, ìsinmi ń bẹ, ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ mẹ́ta á sì máa gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn wọn. Ó kù kí dókítà yẹ ojú rẹ̀ wò, kó bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn kò bà wá lẹ́rù, torí ojú rẹ̀ ríran ju tèmi lọ. Ẹgbẹ́ dírẹ́bà ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ fẹ́ jáde ṣeré kí ọdún tó parí. Èmi ni mo ní kí wọ́n wá sọ́dọ̀ wa.

Eré náà dùn. Àwọn baba onírùngbọ̀n funfun ń rá pálá lẹ́yìn táyà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n ṣe é, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta náà ni wọ́n pa àbúrò mi, ó kàn ń rẹ́rìn-ín ni. Nígbà tó parí, díákónì wọn ní kí gbogbo wọn péjọ sí àárín pápá, kí àwọn dúpẹ́ kí àwọn tó tú ká.

Òfin kan ṣoṣo ló wà lórí pápá. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí ìbòjú tí a fi dé e lórí kí ọta má bàa bà á lójú, títí n ó fi gba gbogbo ìbọn, tí n ó sì pa iná wọn. Mo ti sọ ọ́ fún wọn láàárọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ àwa onígbàgbọ́, ọkùnrin kì í dé fìlà gbàdúrà. Ohun tó bá wà lórí, ṣíṣí ni, ìyá wa ti nà án mọ́ wa lára láti kékeré. Díákónì ní kí á gbàdúrà, ọwọ́ gbogbo wọn lọ sórí lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n bọ́ ìbòjú bí ẹni bọ́ fìlà. Kò sí ẹni tó rò ó. Ìbọn ṣì wà lábẹ́ abíyá wọn, iná pupa kékeré ṣì ń tàn lára rẹ̀.

Mo rí i. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn, mo rí i. Mo lanu láti sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò já àdúrà gbà lẹ́nu díákónì? Mo ní tó bá ti ṣàmín tán, n ó gba ìbọn. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ṣí fìlà tirẹ̀ náà, ó di ojú.

Àdúrà gùn. Nígbà tó kan ìṣẹ́gun ọ̀tá, ọkùnrin kan tó kọjú sí àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í mì jìgìjìgì, bí a ti máa ń ṣe, ìka rẹ̀ sì kan tírígà. Pà, pà, pà. Ìró kékeré ni. Àwọn kan tiẹ̀ ṣàmín lé e.

Àbúrò mi fi ọwọ́ bo ojú òsì. Ọ̀dà yẹ́lò ń ṣàn láàárín ìka rẹ̀, a sì rò pé ọ̀dà nìkan ni, àfi ìgbà tí pupa bẹ̀rẹ̀ sí í dà pọ̀ mọ́ ọn.

Ojú náà kò ríran mọ́. Yunifásítì kò lè gba dírẹ́bà olójú kan, n kò sì bá wọn jà, torí èmi náà kò ní gbé ọmọ mi sínú irú bọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣàánú rẹ̀, wọ́n fi í sẹ́nu géètì. Òun ló ń ṣí ọ̀nà fún bọ́ọ̀sì tí ì bá máa wà. Kò bá mi bínú rárá. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ bú mi, òun ló ń gbèjà mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mo gbé oúnjẹ lọ fún un níbẹ̀, ó jẹun dé ìdajì, ó sì yí gbogbo ojú sí mi, nítorí bó ti ń ṣe nìyẹn kó tó lè rí mi dáadáa.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ṣé bí gbogbo irú ìbọn yẹn ṣe rọrùn láti yìn náà nìyẹn? Ṣé kò sí èyí tó le díẹ̀ láti fà lọ́jà?”

“Kò sí,” ni mo wí. “Bákan náà ni gbogbo wọn.”

Ó mí kanlẹ̀. “A dúpẹ́. Ká ní ẹnì kan mọ̀, tó sì yan èyí, ìyẹn ni ì bá máa dùn mí.”

Bọ́ọ̀sì kan fọn fèrè lẹ́nu ọ̀nà. Ó dìde lọ ṣí géètì fún un, mo sì jókòó ti abọ́ oúnjẹ rẹ̀ títí ó fi padà dé.