Bàálù Tí Mo Rán Aṣọ Fún

Gbogbo Èkó ló mọ̀ pé òpùrọ́ ni àwa télọ̀. A ó ní kí oníbàárà padà wá ní Sátidé, Sátidé á dé, a ò tíì gé aṣọ. Wọ́n ti bú mi títí nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní Àgùdà, mo sì gbà pé èébú náà tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n irọ́ tí wọ́n pa fún èmi télọ̀ ni mo fẹ́ sọ níbí, kò sì sí irọ́ Sátidé kankan tó tó o.

Inú ilé kan náà ni èmi àti ẹni tó pa á fún mi ń gbé. Yàrá rẹ̀ ló kọjú sí tèmi, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan ní Yaba. Ẹ̀gbọ́n ni mo máa ń pè é, "ẹ" ni mo sì fi ń bá a sọ̀rọ̀, torí ó jù mí lọ dáadáa. Ẹ ó rí i pé "ó" ni mo ń pè é nínú ìtàn yìí. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

Ní àwọn ọdún tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀, tí àwọn èèyàn kò rán aṣọ tuntun mọ́, tí gbogbo wọn ń ra òkìríkà, ó wọ ṣọ́ọ̀bù mi wá ní ọ̀sán ọjọ́ kan.

"Àbúrò," ó ní, "ṣé o lè rán aṣọ fún bàálù?"

Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní kó máa bọ̀, kí n gba ìwọ̀n ẹ̀."

Kò rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, ó mú mi lọ wò ó.

Láti kékeré ni mo ti ń rí bàálù lójú ọ̀run, mo sì rò pé irin ni gbogbo wọn látòkè délẹ̀. Èyí tó wà nínú koríko lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ wọn yàtọ̀. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni egungun apá rẹ̀, aṣọ ni wọ́n fi bò ó, aṣọ náà sì ti ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Apá rẹ̀ wà ní méjì-méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Àga méjì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, torí bàálù ìkọ́ṣẹ́ ni. Òun ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ ogun ní wíwà bàálù nígbà ogun àgbáyé kejì. Ọ̀gá á jókòó sí ọ̀kan, akẹ́kọ̀ọ́ á jókòó sí ìkejì, ohun tí ọ̀kan bá sì fà, ti ìkejì á mira pẹ̀lú rẹ̀, kí ọ̀gá lè tètè gba bàálù lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ pa àwọn méjèèjì. Lẹ́yìn ogun, àwọn òyìnbó kan gbé e wá sí Èkó, wọ́n ń fi í ṣe fàájì. Nígbà tí wọ́n ń lọ sí ìlú wọn, wọ́n fi ta ilé-ẹ̀kọ́ náà lọ́rẹ. Àwọn ewúrẹ́ ló wá ń sùn lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n sọ fún mi pé àwọn tó ń yọ́ irin ṣe ìkòkò ní Mushin ti wá wo ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ sì ti ń rẹ́rìn-ín sí wọn.

"Tá a bá fi aṣọ tuntun bò ó, tá a kùn ún, ojú tí wọ́n fi ń wò ó máa yí padà," ó ní. "Ọ̀gá ti gbà pé wọ́n á fi páànù ṣe ibòji fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Gbogbo ẹni tó bá ń kọjá á máa rí i. Àbúrò, aṣọ tó o bá rán fún bàálù yìí ò ní kúrò lára ẹ̀ mọ́ láéláé."

Ẹni tí kì í ṣe télọ̀ lè má mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe fún mi. Gbogbo ohun tí mo ti rán láyé mi ni wọ́n ti wọ̀ gbó. Wọ́n á wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn náà wọ́n á wọ̀ ọ́ lọ sí ọjà, àbúrò á jogún rẹ̀, lẹ́yìn náà ó di àkísà. Mo ti rí gáùn tí mo fi oorun ojú mi rán, tí wọ́n ń fi nu gíláàsì mọ́tò ní Ojú Ẹlẹ́gbà. Mo dá a mọ̀ lára ọwọ́ rẹ̀ tí mo ṣẹ́ létí. Mo fẹ́ kí ohun kan ṣoṣo tí mo fọwọ́ ara mi rán wà níbì kan, ní Yaba níbí, kó má di àkísà. Ohun tó ṣèlérí fún mi nìyẹn, mi ò sì béèrè ohun mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀.

Aṣọ funfun líle ni a lò. Mo kọ́kọ́ rán an bí àpò gígùn lórí ẹ̀rọ mi. Ọjọ́ tí mo tẹ́ ẹ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti wò ó, ìyá onílé wa jáde, wọ́n dúró, wọ́n fọwọ́ lé ìbàdí.

"Àǹtí Télọ̀, ọkùnrin wo ló ni ṣòkòtò yìí?" wọ́n ní. "Ẹ mú un wá, ẹ jẹ́ n rí i!"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá ń jáde lọ sí Yaba ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n á ní mo ń lọ sọ́dọ̀ ọkọ mi tó nídìí ńlá.

Lẹ́yìn tí a ti wọ aṣọ náà sí apá bàálù tán, a ní láti gán an mọ́ egungun rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí atẹ́gùn má baà ká a kúrò. Ẹnì kan kò lè dá a ṣe. Ẹ̀gbọ́n mú sípóòkù kẹ̀kẹ́, ó lọ ẹnu rẹ̀, ó lu ihò sí ìdí rẹ̀, ó di abẹ́rẹ́ tó gùn láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́ mi. Èmi á wà lókè, lórí bẹ́ńṣì, òun á dùbúlẹ̀ sísàlẹ̀ nínú koríko. Màá ki abẹ́rẹ́ bọ inú apá náà láti òkè, màá ní, "Ó ń bọ̀!" Òun á fà á, á yí okùn gba ẹ̀gbẹ́ egungun kejì, á tì í padà sókè, á ní, "Gbà!" Màá ta kókó, a ó tún bẹ̀rẹ̀. A kì í rí ojú ara wa. Ó ń bọ̀, gbà, ó ń bọ̀, gbà. Bá a ṣe ṣe é nìyẹn láti ìgbà òjò títí di ìgbà ọyẹ́. Mi ò rò pé èèyàn lè bá ẹlòmíràn ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kó sì tún rẹ́ ẹ jẹ.

Nígbà tí a rán an tán, a fi ọ̀dà kan kùn ún tó ń rùn bíi kútẹ́ẹ̀sì tí obìnrin fi ń kun èékánná. Bí ọ̀dà náà ṣe ń gbẹ ni aṣọ ń fà, títí tó fi le gbagidi. Kí a tó kùn ún, mo ti rán àmì ṣọ́ọ̀bù mi, lébù pupa kékeré tí mo máa ń fi sí ọrùn aṣọ àwọn oníbàárà, sí ìdí apá òsì níbi tí ojú kì í tètè dé. Mo fi ìka gbá apá náà, mo sì sunkún. Ojú ò tì mí.

Òyìnbó kan wá láìpẹ́ sígbà náà pẹ̀lú kámẹ́rà. Ẹ̀gbọ́n ní ó kàn fẹ́ràn bàálù àtijọ́ ni. Mo ti tún gèlè mi ṣe, mo dúró ti apá òsì, kí wọ́n yà mí mọ́ ọn.

"Àbúrò, yẹra díẹ̀," Ẹ̀gbọ́n ní. "Ibi tó o dúró sí yẹn ti ṣókùnkùn jù."

Oòrùn ń ràn mí lójú. Mo yẹra.

Nígbà tó yá, ó ní wọ́n fẹ́ gbé e lọ sí Ìkẹjà kí àwọn tó mọ̀ nípa bàálù ogun bá wa kọ nọ́ńbà àtijọ́ sí i lára, pé ó máa padà kí àwọn ọmọ tó wọlé. Wọ́n tú apá rẹ̀. Èmi ni mo fi aṣọ ibùsùn mi di wọn, kí lọ́rì má baà ha wọ́n lára. Mo dì wọ́n bí ẹni ń di ọmọ tuntun. Nígbà tí lọ́rì náà jáde ní géètì, ọ̀nà Ọ̀yìngbò ló kọjú sí.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọ̀nà Ìkẹjà nìyẹn?"

"Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wà ní Ojú Ẹlẹ́gbà," ó ní. "A máa gba ẹ̀yìn yí i ká ni." Ó gun lọ́rì, ó juwọ́ sí mi.

Kò sùn nílé lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Nígbà tí ìyá onílé ṣí yàrá rẹ̀, bẹ́ẹ̀dì òfìfo la bá. Ó ti ń kó ẹrù rẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀ lójú wa, a rò pé aṣọ ló ń kó lọ fún alágbàfọ̀. Mo lọ bá ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Wọ́n ní bàálù ti lọ sí òkè òkun, Ẹ̀gbọ́n sì ti bá a lọ, pé bàálù náà ti lọ síbi tí wọ́n ti mọyì ẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti mọyì ẹ̀! Kí wá ni èmi ń ṣe lórí bẹ́ńṣì ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi yẹn? Mo fi ìbínú rìn láti Yaba dé Àgùdà. Síbẹ̀, mo ní nínú ara mi pé ibi yòówù tó bá wà, aṣọ mi wà lára rẹ̀. Ìyẹn ni mo dì mú fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìgbà tí Ẹ̀gbọ́n padà wá kí wa, kóòtù ló wọ̀ nínú ooru, ó sì mú kásẹ́ẹ̀tì fídíò dání. Pálọ̀ ìyá onílé la ti wò ó. Bàálù wa ló jáde, nínú ilé ńlá kan tó mọ́ tónítóní, àwọn òyìnbó yí i ká. Ẹ̀gbọ́n dúró ti apá òsì, ibi tó ti ní kí n yẹra. Ó ń sọ èdè òyìnbó, ó sì yé mi dáadáa. Ó ní inú igbó ni òun ti rí bàálù náà. Ó ní kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ tó mọ ohun tó jẹ́, pé òun nìkan ṣoṣo ló wá àkísà díẹ̀ fi bò ó kí òjò má baà bà á jẹ́.

Àkísà. Ó pè é ní àkísà.

Òyìnbó kan mú ọ̀bẹ, ó là á láti ìdí dé ṣóńṣó, ó bó o kúrò bí èèpo. Lébù pupa mi fì lára rẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ sínú garawa. Ẹ̀gbọ́n ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìyá onílé wo ojú mi, wọ́n dìde, wọ́n pa fídíò náà.

Mo bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, nínú igbó yẹn, ta ló wà lókè tó ń ki abẹ́rẹ́ sí yín?"

Ó wolẹ̀. "Àbúrò, má bínú. Aṣọ wa ò lè fò, wọ́n ní láti yọ ọ́ náà ni. Tí mo bá sì ní ẹnì kan ń tọ́jú ẹ̀ níbí, wọ́n á ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún un. Èmi náà ì bá má rí ọ̀nà lọ."

Bó ṣe rí nìyẹn. Kó tó lè rìn, àfi kí n má sí. Ó dùn mí ju kó lu mí lọ.

Ó wá yọ aṣọ gínì aláwọ̀ ojú ọ̀run kan nínú náílọ́ọ̀nù. Agbádá ló fẹ́. Ó ní òun máa wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ tí bàálù náà bá fò, pé gbogbo òyìnbó á máa wo òun. "Kò sẹ́ni tó lè rán an bíi tìẹ," ó ní. "Ìgbà wo ni kí n wá gbà á?"

Mo mú téèpù, mo wọn èjìká rẹ̀, mo wọn àyà rẹ̀. Mo ní kó wá ní Sátidé.

Ó wá ní Sátidé, mo ní ó ku ọrùn. Ó tún wá, mo ní wọ́n mú iná lọ. Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ tó ń bọ̀ títí ọjọ́ ìrìn-àjò rẹ̀ fi pé, ó padà láìsí agbádá. Mo rò pé inú mi máa dùn, kò dùn. Gínì náà wà nínú àpótí mi bó ṣe ká a, mi ò fi sísọ́ọ̀sì kàn án. Nínú gbogbo aṣọ tó ti gba ọwọ́ mi kọjá, òun nìkan ni mo mọ̀ dájú pé kò tíì di àkísà.