Bàámi Tó Ń Wá Ẹni Tó Ni Ayé ní Wọ́ọ̀fù Àpápá

Ó dìgbà o, Bàámi. Ikú wọlé, ó mú olórí ilé wa lọ. Ọkọ ìyá mi tòótọ́, onígbàgbọ́ òdodo, akọ̀wé tí kì í purọ́ mọ́ ẹrù, ẹni tó mọ ìlú òyìnbó lámọ̀dunjú láìkúrò ní Ajégúnlẹ̀.

Ọdún gbọọrọ ni ẹ fi ṣe tálì ní Àpápá, tí ẹ ń kọ iye ẹrù tó ń sọ̀ kalẹ̀ látinú ọkọ̀ òkun sílẹ̀. Iṣẹ́ yìí ni kò jẹ́ kí ẹ gba rédíò gbọ́. Ẹ ní ẹnu lásán ni ti rédíò, pé orílẹ̀-èdè tí ọkọ̀ rẹ̀ bá pọ̀ jù ní wọ́ọ̀fù ló ni ayé. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, ẹ gé àwòrán àsíá àwọn orílẹ̀-èdè náà látinú kàlẹ́ńdà, ẹ lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri pálọ̀ ní ipò-ipò, Gẹ̀ẹ́sì lókè pátápátá. Bí ọkọ̀ bá ṣe ń pọ̀ tàbí tó ń dín kù lẹ ṣe ń ṣí wọn nípò. N ò ní gbàgbé àárọ̀ tí Màámi ń wá ẹ̀kọ tí a fẹ́ mu, tí ẹ ti fi lẹ Amẹ́ríkà mọ́ ògiri lókè Gẹ̀ẹ́sì.

Bàbá Sàídì, aránṣọ tí yàrá wọn kọjú sí tiwa, kò gbà fún yín. Lójú tiwọn, Gẹ̀ẹ́sì kàn lọ sinmi ni, bí onílé tó lọ sí abúlé, yóò sì padà wá gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ẹ dá wọn lóhùn pé ayé ti pààrọ̀ onílé. Ẹ̀yin méjèèjì bínú síra yín fún ọ̀sẹ̀ méjì lórí ọ̀rọ̀ ìlú tí ẹnikẹ́ni nínú yín kò dé rí.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ká lára jù ni èmi Ìbídùn, àkọ́bí yín. Mo gba fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, bàbá ló sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ẹ ní kí n ní sùúrù, kí ẹ kọ́kọ́ mọ ọ̀gá tuntun, kí ẹ lè rán mi lọ kàwé nílùú rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ Rọ́ṣíà pọ̀, ẹ fún atukọ̀ wọn kan ní ọ̀pẹ̀yìnbó mẹ́rin kó lè kọ́ yín ní òǹkà èdè wọn, ẹ wá ń kọ́ mi nílé. Mo ka á dé méje kí ọkọ̀ Japáànù tó ya wọlé, ẹ ní kí n dá a dúró níbẹ̀. Mò ń rẹ́rìn-ín báyìí, ṣùgbọ́n mo sunkún nígbà náà. Fọ́ọ̀mù méjì ló bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ̀kẹta ni ìkẹyìn, torí pé bó bá di ọdún tó tẹ̀ lé e, wọn ò ní gba ẹni tó dàgbà tó mi mọ́.

Ọdún yẹn náà ni ọkọ̀ símẹ́ńtì kún ojú òkun. Wọ́n fi ọkọ̀ kékeré gbé yín lọ wo àwọn tí kò ráyè wọ èbúté. Gbogbo àsíá ara ògiri wa lẹ bá níbẹ̀ lórí ìlà kan ṣoṣo, tí wọ́n ti ń dúró fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Àwọn atukọ̀ sá aṣọ, wọ́n ń fi ìwọ̀ dẹ ẹja, ará Rọ́ṣíà sì ń tọrọ iyọ̀ lọ́wọ́ ará Amẹ́ríkà. Símẹ́ńtì ṣì wà nírun ojú yín nígbà tí ẹ délé. Ẹ ṣí gbogbo àsíá kúrò lára ògiri, ẹ ní kí n mú fọ́ọ̀mù wá.

“Ìbídùn, gbogbo wọn ló wà níta o, wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà wa. Kò sẹ́ni tó ni ayé. Lọ kọ́ṣẹ́ ẹ.”

Bàbá Sàídì ní àìlétò tiwa ló há wọn mọ́ta, pé símẹ́ńtì ti ń dì nínú ọkọ̀, kò sì sí ohun ìwúrí kankan níbẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àdúrà ni mò ń gbà kí ẹ má dá wọn lóhùn títí íǹkì tí ẹ fi fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù mi fi gbẹ.

Oṣù mẹ́rin tí àìsàn fi dá yín dùbúlẹ̀, ọwọ́ mi lẹ ti gba abẹ́rẹ́. Èmi ni mo ń wẹ̀ yín, èmi náà ni mo pa ojú yín dé. Ká ní ẹ rí ẹni tó ni ayé lásìkò ni, ìlú òkèèrè ni wáyà ikú yín ì bá ti bá mi. Mo dúpẹ́ pé ẹ ò rí i.

Ẹ sùn re o, Bàámi.