Ọmọkùnrin Tí Mo Fi Ẹnu Pa

Òórùn kòkó tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò fún ọjọ́ mẹ́fà, tó ń kan bí ọtí àná, òun ló máa ń kọ́kọ́ wọ imú mi bí mo bá rántí àwọn ọ̀sán wọ̀nyẹn ní Ìdànrè. Àpáta ni ẹ̀yìn ilé wa. Orí rẹ̀ la ń sá kòkó sí, nítorí bí oòrùn bá ti mú un láàárọ̀, ó máa ń gbóná títí ilẹ̀ á fi fẹ́ ṣú. Ìyá bàbá mi, tí à ń pè ní Màmá, a jókòó sábẹ́ ìbòòrùn páànù pẹ̀lú ọ̀pá gígùn lọ́wọ́, èmi a sì jókòó tì í. Ojú Màmá ti fọ́ nígbà yẹn, ó ti tó ọdún mẹ́rin, ṣùgbọ́n kò sí ewúrẹ́ tó lè yọ́ gba orí àpáta yẹn kọjá kó má gbọ́ pátákò ẹsẹ̀ rẹ̀. Òun náà ló ń sọ bóyá kòkó ti gbẹ. Á bu ẹ̀kúnwọ́ kan, á gbé e sétí, á fún un pọ̀. Tó bá ké pàràpàrà, ẹ kó o sápò. Tí kò bá ké, ẹ dákẹ́ kí ẹ tún un sá. Mi ò rí ọjọ́ tó ṣì í.

Àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀, òun ló gbé mi délé. Má jẹ̀ẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún ẹ, ìwọ náà mọ irú ẹni tí mo jẹ́: ọkùnrin ni mí, ọkùnrin sì ni ẹni tí ọkàn mi ń fà sí. Àkúrẹ́ lẹni náà wà. Ọjọ́ tí mo ń bọ̀ wálé, ó ki mẹ́mórì káàdì kan bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní, "Máa wo èyí tí àárò mi bá ń sọ ẹ́." Fíìmù alápá méjìlá kan ni, ti àwọn ará Éṣíà lọ́hùn-ún, lórí ọkùnrin méjì tó fẹ́ràn ara wọn létí odò kan. Ọ̀kan ń kan ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú bàbá rẹ̀, èkejì jẹ́ tíṣà tí wọ́n gbé wá síbẹ̀. Èdè wọn ni wọ́n ń sọ, wọ́n wá kọ Gẹ̀ẹ́sì sísàlẹ̀. Mo ti rò ó pé màá máa wò ó jẹ́ẹ́, ohùn kékeré, ojú fóònù kọ sí àyà mi. Etí Màmá ni mi ò rò mọ́ ọn.

"Kí làwọn méjì yìí ń bá ara wọn fà?" ló bi mí lọ́jọ́ kejì. Ìdànrè ni Màmá ń sọ o, Ìdànrè tó jinlẹ̀. Mo kàn ń fi Yorùbá ilé-ìwé sọ ọ́ fún ẹ ni. Irọ́ àkọ́kọ́ tó wá sí mi lẹ́nu ni mo pa: mo ní ọ̀rẹ́ méjì ni wọ́n, wọ́n fẹ́ jọ dá ṣọ́ọ̀bù ọkọ̀ sílẹ̀, bàbá ọ̀kan ò sì gbà. "Ìkà ni bàbá yẹn," ni Màmá wí, ó sì ní kí n tú ohùn sókè. Bí mo ṣe di ògbufọ̀ nìyẹn. Lọ́sọ̀ọ̀sán, tí a bá ti fi ẹsẹ̀ ro kòkó tán, á ní, "Ọkọ mi, àwọn ọmọ wa dà?" Òun fúnra rẹ̀ ló sọ wọ́n lórúkọ. Tíṣà máa ń bú sẹ́rìn-ín lójijì bí ẹni tí omi há lọ́fun, ló bá sọ ọ́ ní Ẹlẹ́rìn-ín. Akànkọ̀, tí ohùn rẹ̀ ń dún bí àgbá, di Ohùn Àgbá. Níbi tí wọ́n bá ti di ọwọ́ ara wọn mú, màá ní wọ́n ń bọ ọwọ́ lórí òwò. Níbi tí ẹnu ti kan ẹnu, ohùn kì í sí níbẹ̀, èmi náà á kàn wúkọ́.

Ẹ̀rín wà nínú ẹ̀, àbí? Mi ò rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Òfin ẹ̀wọ̀n wà nílẹ̀ fún irú wa, ìwọ náà mọ̀, ṣùgbọ́n òfin kọ́ ló ń lé oorun lójú mi. Ọdún tó ṣáájú, àwọn kan gba fóònù ọmọkùnrin kan yẹ̀ wò lójú ọ̀nà Òfosù, wọ́n bá fọ́tò òun àti ọkùnrin kan níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi gbé e délé, ìyá rẹ̀ ò mọ̀ ọ́n lójú mọ́. Àbúrò bàbá mi, tó ni ilé tí à ń gbé, tí gbogbo wa ń pè ní Dádì, ló sọ ìtàn yẹn nídìí oúnjẹ. Ó ní, "Wọ́n gbìyànjú," ó sì ń jẹ ẹran rẹ̀ lọ. Mo dá òkèlè tó wà lọ́wọ́ mi padà sínú àwo.

Dádì yìí kan náà ni akọ̀wé ìjọ wa. Ìjọ Aládùúrà ni, aṣọ funfun, ẹsẹ̀ lásán. Gbogbo Ọjọ́rú ni akọ̀wé máa ń ka ìwé ẹ̀bẹ̀ tí àwọn ọmọ ìjọ bá kọ sínú àpótí, ìjọ á sì ṣe àmín sí i. Màmá ní kí ìyá kan tó jókòó tì í bá òun kọ tòun, èmi ò sì mọ̀ sí i rárá. Àfi ìgbà tí Dádì dé orí ìwé náà, tó ti jígí ojú rẹ̀ sókè, tó kà á ketekete: "Ẹ bá wa gbàdúrà fún Ẹlẹ́rìn-ín àti Ohùn Àgbá, kí Olúwa má jẹ̀ẹ́ kí bàbá ìkà tú wọn ká." Gbogbo ìjọ ní, "Àmín!" Agogo dún. Ọ̀rẹ́ mi, òógùn tó bò mí nínú aṣọ funfun yẹn, o lè fún un dà sí korobá. Mo dúró láàárín àwọn èèyàn tí wọ́n á lé mi jáde bí ajá tí wọ́n bá mọ̀, àwọn kan náà ló sì ń ṣe àmín sí ọ̀rọ̀ mi.

"Màmá, ta ló ń jẹ́ Ẹlẹ́rìn-ín?" ni Dádì bi í bí a ṣe délé.

"Ọmọ inú fíìmù tí èmi àti ọkọ mi ń wò ni."

Dádì yíjú sí mi. "Fíìmù wo ló dé iwájú pẹpẹ? Lọ gbé fóònù yẹn wá."

Mo wọ yàrá. Mo yọ káàdì yẹn kúrò nínú fóònù, ẹ̀ẹ̀mẹta ló bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ mi, mi ò sì mọ ibi tí mo lè fi sí, ni mo bá jù ú sábẹ́ ahọ́n. Mo dúró níwájú Dádì bó ṣe ń tẹ fóònù, ìkorò irin ń sun sí mi lẹ́nu. "Kò sí nǹkan kan níbí," ló wí. "Àbí orí íńtánẹ́ẹ̀tì lo ti ń wò ó?" Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. "O ò lẹ́nu ni?" Mo tún mi orí. Ó ń wò mí, ó ń wò mí, itọ́ ń kún mi lẹ́nu, mi ò lè gbé e mì. Màmá ló gbà mí: "Fi ọmọ sílẹ̀. Apá kan péré ló kù, ọ̀la la ó parí ẹ̀." Dádì dá fóònù padà. Ó ní, "Ó dáa. Ọ̀la, èmi náà á gbọ́ ọ."

Òjò ṣú lọ́jọ́ kejì. Dádì kó àpò wá sẹ́yìn ilé, ó ń gbá kòkó jọ lórí àpáta, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí wa lọ. "Tú u sókè, kí n máa gbọ́," ló wí. Mo tú u sókè. Mi ò tíì wo apá yẹn rí. Ojú kan ni mo fi ń wo fóònù, ojú kejì wà lára Dádì. Bàbá yẹn lé Ẹlẹ́rìn-ín kúrò nílùú, ọmọ náà wọ ọkọ̀ ojú omi, ìjì dé, ọkọ̀ dojú dé. Ohùn Àgbá ń ké pè é létí omi, mo sì ń sọ gbogbo ẹ̀ fún Màmá bó ṣe rí gan-an, ìgbà àkọ́kọ́ tí mi ò ní láti parọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fà á jáde láàyè. Bàbá yẹn fúnra rẹ̀ ló fà á jáde. Ohùn Àgbá sáré dé, ó gbé e mọ́ra lójú gbogbo ìlú, ó fi ẹnu kò ó lẹ́nu, kò jẹ́ kó lọ.

"Ó wá ti jẹ́?" ni Dádì wí. Ó ti nà ró. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sọ́dọ̀ wa.

Mo ní, "Ó ti kú. Omi ti gbé e lọ. Wọ́n ti fẹ́ sin ín." Mi ò rí nǹkan mìíràn tó lè dá ẹsẹ̀ yẹn dúró. Lóòótọ́, Dádì dúró. "Áà, ayé," ló wí, ó sì padà sídìí kòkó. Ó ku bí ìṣẹ́jú mẹ́ta kí fíìmù náà tán, mi ò lè pa á kó má fura, ni mo bá ń ṣe ìsìnkú lọ: pósí rèé, òdòdó rèé, ẹkún rèé. Nínú fóònù, àwọn méjèèjì ti wà nílé kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sódò, wọ́n ń dín ẹja, epo ta sí Ohùn Àgbá lọ́wọ́, Ẹlẹ́rìn-ín sì bú sẹ́rìn-ín. Atẹ́gùn òjò ń gbá páànù gbàgàgbàgà. Mo gbà pé kò sẹ́ni tó gbọ́.

Màmá na ọwọ́, ó bu kòkó, ó fún un létí. "Kò tíì gbẹ," ló wí. Dádì ní, "Màmá, ọjọ́ keje rèé, ó ti gbẹ." "Mo ní kò tíì gbẹ." Wọ́n fi tapólì bò ó, wọn ò kó o sápò.

Mo sọ káàdì náà sínú ṣáláńgá. Ẹni Àkúrẹ́ ń pè, mi ò gbé e. Tí Dádì bá ní ta ló ń pè mí tó báyìí, màá ní aṣinọ́ńbà ni. Nígbà tó yá, ó dẹ́kun pípè. Tí o bá fẹ́ wò ó dáadáa, ẹni méjì ni mo pa láàárín oṣù kan, nítorí kí èmi lè sùn.

Ìgbà tí ilé-ìwé wọlé, ọlọ́kadà ti ń fọn fèrè níwájú ilé, mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Màmá. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Kí ló dé tí o fi pa á?"

"Pa ta ni, Màmá?"

"Ẹlẹ́rìn-ín. O ní wọ́n ń sin ín, mo sì ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Mo ń gbọ́ epo tó ń ta. Ta ló ń dín ẹja nídìí òkú?"

Mo wo ẹnu ọ̀nà. Dádì wà níta, ó ń di báàgì mi mọ́ ọ̀kadà. Mo lè tún irọ́ mìíràn pa. Mo ní, "Ẹ̀rù ló bà mí, Màmá."

"Mo mọ̀. Ìyẹn náà, mo gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ lohùn rẹ ti dà bíi kòkó tí ò gbẹ." Ó fa orí mi mọ́ra, ó gbé etí rẹ̀ sí mi lẹ́nu. "Sọ bó ṣe parí fún mi. Rọra sọ ọ́."

Mo sọ ọ́. Mo ní kò kú. Mo ní inú ilé kan náà ni wọ́n ń gbé, wọ́n sì fẹ́ràn ara wọn bí ọkọ àti aya ṣe ń fẹ́ràn ara wọn. Ọwọ́ Màmá le mọ́ tèmi. Ẹ̀rù tó bà mí nígbà tí káàdì wà lábẹ́ ahọ́n mi, eré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìgbà yẹn. Lẹ́yìn náà ló ní, "Àmín," kíkan, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ìjọ, débi pé Dádì kígbe láti ìta pé, "Àdúrà wo lẹ̀ ń gbà?"

"Ti ìrìn àjò ni," ni Màmá wí.

Orí ọ̀kadà yẹn ni mo ti pe ẹni Àkúrẹ́. Ó gbé e, ó bú mi títí, mo ń dúpẹ́. Màmá ò sí mọ́ báyìí, a ò sì tún sọ ọ̀rọ̀ náà títí ó fi lọ. Mi ò lè búra pé gbogbo ẹ̀ ló yé e, mi ò sì ní fi ohun tí kò sọ sí i lẹ́nu. Irọ́ tí mo ti pa lórí òkú ti tó. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bàbá inú fíìmù yẹn, tí a ń pè ní ìkà, ó fa ọmọ ọlọ́mọ jáde nínú omi. Èmi tí mo fẹ́ràn ọmọ náà, tí mo mọ̀ pé èmi gan-an ni, èmi ni mo tì í padà sínú ẹ̀. Ohun tí ẹ̀rù lè fi èèyàn ṣe nìyẹn.

Ẹ̀rù náà ò sì tíì lọ o, mi ò ní tàn ẹ́. Ibi tí à ń gbé báyìí, a ń ti fèrèsé, a sì ti sọ fún onílé pé ọmọ bàbá kan náà ni wá. Ẹni Àkúrẹ́ wà ní yàrá kejì bí mo ṣe ń bá ẹ sọ̀rọ̀ yìí, ó rí nǹkan kan lórí fóònù rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sókè. Ó ti dé ẹnu mi tán láti ní kó rọra, pé ògiri ilé yìí fẹ́lẹ́, pé wọ́n ń gbọ́. Mo gbé e mì. Mo jókòó síbí, àyà mi ń já, mo ń jẹ́ kó rẹ́rìn-ín.