Ààbọ̀ Ọ̀rọ̀ Ìyá Onílé

Nígbà tí èmi àti ọkọ mi kó lọ sí ilé tiwa lójú ọ̀nà Ìgànná, mi ò dá kọ́kọ́rọ́ yàrá tí mo háyà nígboro Ìsẹ́yìn padà. Kí nìdí? Owó rẹ̀ kéré ni, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn níbẹ̀. Àgbàdo àti gààrí tí mo ń rà pamọ́ de ìgbà ọ̀wọ́n ni mo kó síbẹ̀, àtàwọn àga tí ẹsẹ̀ wọn ti kán. Olùkọ́ ni mí o, ẹ̀yin náà ẹ mọ bí owó oṣù wa ṣe rí, ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́.

Nígbà tí gbogbo nǹkan gbówó lórí, àwọn àgbà àdúgbò ṣèpàdé, wọ́n fòfin dè é pé onílé kankan ò gbọdọ̀ fi kún owó ilé ayálégbé tó ti wà nílé tẹ́lẹ̀. A pàtẹ́wọ́, àtẹ́wọ́ tèmi ló sì dún jù. Kò pẹ́ tí àwọn onílé fi bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohun tí wọ́n pàdánù lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́ kan tí wọ́n gbé wá láti Ṣakí wá yàrá títí, ó sú u. Ó bi mí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé, "Àǹtí, ẹ ò mọ ibi tí yàrá wà?" Mo ní, "Háà, yàrá ti wọ́n nílùú yìí o!" Kọ́kọ́rọ́ sì wà nínú báàgì mi.

Ìyá onílé, opó arúgbó, ló ń dá gbé apá kejì ilé tí yàrá náà wà. Òfin ò jẹ́ kí wọ́n béèrè àfikún owó, ni wọ́n bá ń sọ ààbọ̀ ọ̀rọ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀, a di odindi. Tí mo bá lọ bu gààrí, wọ́n á gbójú sókè wo àjà, wọ́n á ní, "Ọmọ mi, òjò ti ń ṣú." Màá ní, "Òjò ìbùkún ni o, Màmá." Wọ́n á tún ní, "Páànù ò ṣeé rà mọ́." Màá ní, "Ọlọ́run á dá sí i." Ṣé mi ò gbọ́ ni? Mo gbọ́ ketekete! Òfin ló ní kí wọ́n má béèrè, òfin ò ní kí èmi má fún wọn. Mo kàn jẹ́ kí ààbọ̀ wà ní ààbọ̀ ni.

Lọ́dún yìí, àkọ́rọ̀ òjò bá ìjì wá. Àwọn ará àdúgbò pè mí pé òjò ti ń dá kí ìjì tó ṣí páànù orí yàrá mi gbé lọ. Kí òjò kejì tó rọ̀, mo sáré débẹ̀ nítorí àgbàdo mi. Kàyéfì! Páànù ti wà lórí yàrá mi padà, páànù àtijọ́ tó ti dípẹtà, inú yàrá gbẹ. Mo lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá. Nígbà tí mo wọ yàrá wọn, ojú ọ̀run ni mo rí. Wọ́n ti gbé ẹní wọn lọ sí kọ̀rọ̀ ilé ìdáná.

"Màmá, ta ló tú páànù yín?"

"Èmi ni mo ní kí káfíńtà tú u bo tìrẹ. Ìwọ lò ń sanwó. Ẹrù rẹ ò tutù, àbí?"

Ojú gbà mí tì. Arúgbó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò kí àga mi tó kán má baà tutù. Mo jẹ̀bi, mi ò ní àwíjàre kankan.

Mo kó ẹrù mi lọ́jọ́ náà gan-an, mo wá na kọ́kọ́rọ́ sí wọn. Ni omi bá lé sí wọn lójú. "Ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni? Àwọn ará àdúgbò á ní ńṣe ni mo lé ọ nítorí owó."

Mo fẹ́ tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n àforíjì ò ní ra páànù. Mo sì mọ̀ pé ohun tí èmi ò san, ọmọ ọlọ́mọ tó bá háyà yàrá náà ni yóò wá san án.

Mo ní, "Màmá, nọ́ọ̀sì kan ń wá yàrá. Òjò sì ti ń ṣú."

Wọ́n ò sọ pé Ọlọ́run á dá sí i. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ náà, wọ́n ní, "Ó ti yé mi, ọmọ mi."