Ẹsẹ̀ Tí Kò Mọ Ìrora

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Ìkọ̀lé níbí, bàtà kì í ṣe ohun tí ọmọdé ń wọ̀ kiri. Bàtà ṣọ́ọ̀ṣì nìkan la ní, inú páálí ló sì ń gbé láti ọjọ́ Àìkú kan dé èkejì. Oko o, odò o, ilé ẹ̀kọ́ o, ẹsẹ̀ lásán la fi ń lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ sílípáàsì wọ balùwẹ̀, ẹ rọra fi mí rẹ́rìn-ín. Àtẹ́lẹsẹ̀ wa nígbà náà le ju awọ bẹ́líìtì lọ.

Ọyẹ́ ni ọ̀tá wa. Tó bá ti dé, gìgísẹ̀ gbogbo ilé á sán yánnayànna. Ohun tí wọ́n ń ṣe sí i kò ju ẹyọ kan lọ: wọ́n á gbé epo pupa kaná, wọ́n á ti òwú bọ̀ ọ́, wọ́n á sì kán an sínú ibi tó sán. Yéè! N kò ní parọ́ fún yín, mo máa ń ké débi pé àwọn tó ń kọjá lọ á yà wá wo ohun tí wọ́n ń fi mí ṣe.

Bàbá kan wà nílé kejì sí tiwa, àgbẹ̀ pàtàkì tó ní oko kòkó lọ́nà Ìtapàjí. Òun nìkan ni kì í ké. Ìyàwó rẹ̀ á máa kán epo gbígbóná sí i ní gìgísẹ̀, òun á máa jẹ ẹ̀pà rẹ̀ lọ, á máa bá wa ṣàwàdà. Àwa ọmọdé á pé lé e lórí, a ó máa pàtẹ́wọ́. "Ẹ wò mí dáadáa," ni yóò wí, "ọkùnrin ń bẹ o!" Àwọn òbí wa á wá máa fi í bú wa pé ojo ni wá. Mo fẹ́ràn bàbá náà gan-an. Kì í ti oko dé kó má fún mi ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n.

Lọ́jọ́ kan, a jọ ń bọ̀ láti oko. Ó wà níwájú, èmi ń tẹ̀lé e, mo ru igi ìdáná. Mo rí ohun pupa kan lórí ewé gbígbẹ. Mo rìn síwájú díẹ̀, mo tún rí i. Gbogbo ibi tí ẹsẹ̀ ọ̀tún bàbá bá ti kúrò ló wà.

"Bàbá, ẹ̀jẹ̀ ń jáde lẹ́sẹ̀ yín!"

Ó dúró, ó wo ojúgun rẹ̀. "Níbo?" Ó béèrè bí ẹni pé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni mo ń sọ. Nígbà tó gbé ẹsẹ̀ sókè, àfọ́kù ìgò ti wọ inú àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, díẹ̀ ló kù níta. Ó fà á yọ bí ẹni yọ èèmọ́ kúrò lára aṣọ. Èmi ni mo ké, kì í ṣe òun. Mo wá wo ojú rẹ̀, mo rí i pé ẹ̀rù ti ba òun náà. N kò tíì rí ẹ̀rù lójú àgbàlagbà rí títí di ọjọ́ yẹn.

Egbò náà kọ̀, kò jinná. Ewé ni, àgbo ni, pàbó. Ẹsẹ̀ wú, ó dúdú, òórùn rẹ̀ sì ń dé ọ̀dọ̀ wa. Ohun tó tún wá dá kún un ni pé ibi tí bàbá bá tọ̀ sí lẹ́yìn ilé, èèrà á bò ó bámúbámú. Kí lẹ rò pé àwọn ará àdúgbò sọ? Wọ́n ní ó tẹ oògùn ni. Wọ́n ní ẹni tó ń bá a du ilẹ̀ oko ló dẹ ẹ́ sílẹ̀ dè é, pé ṣé a ò rí èèrà ni? Àwọn tó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì gan-an ló ń sọ ọ́ o! Ìyá mi pè mí wọlé, ó fà mí létí: "O ò gbọdọ̀ gba ẹnu ulé bàbá yẹn kọjá mọ́. Ṣé o gbọ́?" Láti ìgbà náà, orí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn lọ sódò. Ohunkóhun tó bá ta mí lẹ́sẹ̀, àyà mi á já, mo á ní ó ti kàn mí nìyẹn.

Nígbà tí ọmọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn fi máa wá gbé e lọ sí ọsibítù, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà, síbẹ̀ òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé bọ̀ wálé. Ìyá mi kò jẹ́ kí n débi ìsìnkú. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni mo ti sunkún mi.

Èmi náà ti wá dàgbà, àtọ̀gbẹ sì ti mú mi, èyí tí ẹ̀yin ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà. Dókítà ló sọ fún mi pé ṣúgà inú ìtọ̀ ni èèrà ń wá, mo wá mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò ṣe bàbá yẹn ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ kò wá sí mi lọ́kàn, àfi lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí tí àwọn ọmọ yunifásítì láti Ọ̀yẹ́ wá sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wa. Wọ́n ní àwọn ń ṣèwádìí lórí ẹsẹ̀ àwọn àgbà. Ẹsẹ̀ kẹ̀! A bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n ní kí a bọ́ bàtà, ojú ti àwọn ẹgbẹ́ mi, wọ́n ń fi ìró bo èékánná.

Ọmọbìnrin kan gbé ẹsẹ̀ mi lé itan rẹ̀, ó mú fọ́nrán tín-ín-rín kan jáde, bíi okùn ìwọ̀ ẹja. "Mọ́mì, ẹ dijú. Tí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n lára, kí ẹ sọ fún mi." Mo dijú, mo dúró títí. Nígbà tó sú mi, mo ní, "Ọmọ mi, ṣé o fẹ́ kí n sùn síbí ni? Bẹ̀rẹ̀ báyìí." Mo lajú.

"Mọ́mì," ó ní, "mo ti ṣe é tán."

Ó ṣàlàyé fún mi pé ṣúgà máa ń pa iṣan ẹsẹ̀ títí tí kò fi ní mọ nǹkan kan lára mọ́. Ó ní kí n má rìn lẹ́sẹ̀ lásán, kí n má ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná, kí n máa fi dígí wo àtẹ́lẹsẹ̀ mi lójoojúmọ́. Mo ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n bàbá tó ń jẹ ẹ̀pà ni mò ń rí. Àìsàn là ń pàtẹ́wọ́ fún, a ò mọ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo jó ìdúpẹ́ dáadáa. Bí mo ṣe bọ́ bàtà nílé, òkúta kan jábọ́ láti inú rẹ̀. Mo ti fi í jó! Mo gbé dígí sábẹ́ ẹsẹ̀. Ó ti pọ́n, ṣùgbọ́n kò tíì bẹ́. Ọmọ mi gbé mi lọ sí ọsibítù ní Ìdó, wọ́n ní kí n dúpẹ́ pé mo tètè rí i.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. A ti mọ orúkọ àìsàn náà, ẹnikẹ́ni kò sì ní sọ pé aládùúgbò mi ló dẹ oògùn sílẹ̀ fún mi. Síbẹ̀ ẹ̀rù ń bà mí ju ti ìgbà tí mo wà lọ́mọdé lọ. Nínú ìpàdé àdúrà wa, àwọn ẹgbẹ́ mi máa ń nawọ́ sókè pé kí Ọlọ́run mú ìrora ẹsẹ̀ kúrò, gbogbo ilé á sì pariwo àmín. Èmi kì í lè ṣe àmín yẹn. Mo máa ń bẹ Olúwa nínú ọkàn mi pé kí ó jẹ́ kí n mọ ìrora.