Ibùsùn Ọgbọ̀n, Èèyàn Mọ́kàndínláàádọ́ta

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí orí mi kò tíì ga kọjá etí àmù ìyá àgbà mi, ojú ọ̀nà tó lọ sí orí òkè àdúrà ni abúlé wa wà, ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Tí oṣù kẹjọ bá ti wọlé, tí òjò dáwọ́ dúró díẹ̀, àwọn onígbàgbọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í gba iwájú ilé wa kọjá nínú aṣọ funfun, láìwọ bàtà. Àwọn mìíràn á ti rìn fún ọjọ́ mẹ́ta. Ilé wa ni ilẹ̀ máa ń ṣú ọ̀pọ̀ nínú wọn sí. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ò lè mọ bí ó ti rí lójú ọmọdé. N ó sùn, àwa mẹ́wàá péré la wà nílé. N ó jí, èèyàn á ti kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, á kún ilé ìdáná, á kún abẹ́ igi ọsàn, wọ́n á sì ti máa kọrin. Mo máa ń rò pé ilẹ̀ ló hù wọ́n lóru.

Ìyá àgbà mi kì í bi wọ́n pé mélòó ni wọ́n. Bí ẹní bá tán, aṣọ ni yóò tẹ́. Bí aṣọ bá tán, àwa ọmọdé á sùn ní orí-sí-ẹsẹ̀, ká lè fi àyè sílẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo ń na ìka sí àwọn àlejò bí wọ́n ti ń jáde: ení, èjì, ẹ̀ta. N kò tíì dé ẹ̀wá tí ìyá àgbà mi fi gbá mi lẹ́nu. Ó ní ẹran ni wọ́n ń kà. Ó ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, pé ohun tí èèyàn bá ń kà ló ń dín. Mo sunkún títí di ọ̀sán ọjọ́ náà.

Ṣùgbọ́n mo gbà á gbọ́. Mo di arúgbó, mo ṣì gbà á gbọ́. Ohun tó pa ni lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì ní Chorlton-on-Medlock, nílùú Manchester ní ilẹ̀ òyìnbó, kíka bẹ́ẹ̀dì sì wà lára iṣẹ́ mi. N kì í fi wọ́ọ̀dù sílẹ̀ láìmọ iye aláìsàn tó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti bọ́ yunifọ́ọ̀mù, tí mo wọ bọ́ọ̀sì ní Oxford Road, ọmọ ọmọ ìyá àgbà mi ni mo tún dà. Lọ́jọ́ Sunday, tí wọ́n bá bi mí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ mélòó ló wà ní kíláàsì àwọn ọmọdé, n ó ní wọ́n pọ̀, a dúpẹ́.

Ìwà yìí ló kó bá mi nígbà ooru ọdún yìí. Lọ́dọọdún, ṣọ́ọ̀ṣì wa máa ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ dúpẹ́ ní orí òkè kan lẹ́yìn Dobcross, abúlé kékeré kan tó wà létí pápá olókè. Ọjọ́ mẹ́ta ni. Àwọn kan á gbéra láti Stockport, ìlú tó wà nítòsí wa, wọ́n á wá bá wa ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Chorlton-on-Medlock, a ó sùn síbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, a ó rìn dé Dobcross, a ó sùn. Lọ́jọ́ kẹta, a ó gun òkè. Ẹ̀jẹ́ ni: ẹni tó bá wọ mọ́tò kó tó dé orí òkè ti ba tirẹ̀ jẹ́. Ọmọdé tí ẹsẹ̀ bá ń ro, kí ìyá rẹ̀ pọ̀n ọ́n. Èmi tí mo ti ń fi ìtàn ìyá àgbà mi yangàn lójoojúmọ́ ni wọ́n wá ní kí n bá àwọn wá ibi tí a ó sùn ní Dobcross.

Kò rọrùn o. Iléèwé wà ní ìsinmi, gbogbo òyìnbó tó ní bàtà ìrìn ló kọrí sí òkè. Gbogbo ilé àlejò tí mo pè, wọ́n ní àwọn ti kún, àwọn kan tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Níkẹyìn, àgbàlagbà ọkùnrin kan tó ń tọ́jú gbọ̀ngàn abúlé náà gbà pé ká wá sùn sílẹ̀ níbẹ̀. Ó bi mí lórí fóònù pé mélòó ni wá. Mo wo ìwé mi, orúkọ ọgbọ̀n ló wà níbẹ̀, mo ní ọgbọ̀n. Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀, nítorí ọgbọ̀n péré ni òfin tó wà nítorí ìjàǹbá iná gbà kó sùn nínú gbọ̀ngàn náà.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, kò pẹ́ tó dé láti Èkó, àwọn arúgbó ló ń tọ́jú ní Stockport. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, ọmọbìnrin ọdún márùn-ún. Ọmọ náà ṣàìsàn lọ́dún tó kọjá débi pé àwa tí a jẹ́ nọ́ọ̀sì kàn ń wo ojú ara wa ni. Ìyá rẹ̀ jẹ́jẹ̀ẹ́ pé tó bá yè, òun á fi ẹsẹ̀ òun mú un dé orí òkè lọ dúpẹ́. Ọmọ náà yè. Ìyá náà ló wá bá mi lẹ́yìn ìsìn pé, "Mama, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti count àwọn ọmọ mọ́ ọn? These people, exact number ni wọ́n máa ń fẹ́ o."

Mo ní kó fi mí sílẹ̀. Mo ní, "A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Kí ni ọmọ kékeré fẹ́ gbà nílẹ̀?"

Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, ma," ó sì lọ.

Aago méje ìrọ̀lẹ́ kọjá díẹ̀ nígbà tí a wọ Dobcross. Oòrùn ṣì mú, ó ń tàn sára àwọn ilé olókùúta dúdú tí àwọn ahunṣọ ń gbé láyé àtijọ́, fèrèsé wọn tò lọ bẹẹrẹ lókè. Ẹsẹ̀ gbogbo wa ti wú. Baba òyìnbó náà dúró sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, ó rẹ́rìn-ín sí wa, ó na ìka, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà wá. Àwọn ìyá wò ó, wọ́n wò mí. Ọ̀kan nínú wọn fa ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn, ó fi ìborùn bò ó. Baba kà á dé ọgbọ̀n, kò dúró. Ó kà á títí ó fi dé mọ́kàndínláàádọ́ta, ẹ̀rín sì kúrò lójú rẹ̀. Ó ní èèyàn mọ́kàndínlógún kò lè sùn síbẹ̀, pé òun kò ní rú òfin náà nítorí ẹnikẹ́ni. Ó ní bóyá kí àwọn tó ní ọmọ kékeré wọ takisí padà sí Manchester.

Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Mo ní ọmọdé ni wọ́n, pé ẹsẹ̀ ìyá wọn ni wọ́n á sùn sí.  Ọ̀dọ́mọbìnrin tí mo sọ yẹn jókòó sórí ògiri kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ọmọ rẹ̀ sùn lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo òkè tó wà níwájú wa. Ó kù díẹ̀ kó débẹ̀, èmi ni n ó sì dá a padà. Ojú tì mí débi pé n kò lè wo apá ibi tó wà.

Baba òyìnbó wá bi mí, kò fi ìbínú bi mí, pé kí ló dé tí n kò ka àwọn ọmọ. Mo ṣàlàyé fún un, mo sọ ti ìyá àgbà mi. Mo rò pé yóò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní ìdí tí òun fi ń kà ni pé tí iná bá sọ, òun gbọ́dọ̀ mọ̀ tí ọmọ kan bá ṣẹ́kù sínú ilé. Ẹ̀yin èèyàn, ara mi bù máṣọ. Èmi tí mo ti ń ka bẹ́ẹ̀dì láti ọjọ́ yìí, n kò ronú débẹ̀ rí.

Ó fún mi ní bírò, ó ní kí n kọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan sínú ìwé mi. Mo kọ ọ́. Nígbà tí mo parí, ó gba ìwé náà, ó bá gba ọ̀nà òkè abúlé lọ, ó ń kan ilẹ̀kùn, ó ń béèrè ẹni tó lè gbà wá sùn. Ohun tí ojú mi rí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ń sọ ọ́ títí dòní, ó sì ń yà mí lẹ́nu bí mo ti ń sọ ọ́. Àwọn èèyàn tí kò rí wa rí bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ọkùnrin kan tó ń fọ abọ́ jáde, ọṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó na ìka méjì sókè. Tọkọtaya kan ní àwọn lè gba mẹ́ta. Ọ̀dọ́ kan ní òun á kó kúrò ní yàrá òun. Bí wọ́n ti ń mú wọn lọ, baba ń bi orúkọ, ó ń fi bírò sàmì. Èmi kàn dúró síbẹ̀, mo ń sọ pé Olúwa o, Olúwa o.

Mẹ́rìndínlógún rí ilé. Ó ku mẹ́ta, kò sì sí ilẹ̀kùn tó tún ṣí. Mo ní kí èmi wà lára àwọn mẹ́ta náà, nítorí èmi ni mo fà á. Àwọn méjì yòókù ni ọ̀dọ́mọbìnrin náà àti ọmọ rẹ̀, tí wọ́n ti ń fi àyè sílẹ̀ fún ẹlòmíràn látìgbà tí a ti débẹ̀. A ti ń wá nọ́mbà takisí nígbà tí ìyá òyìnbó kan yọ láti ilé tó wà lókè pátápátá. Ó dàgbà jù mí lọ, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ó ní òun nìkan ló ń gbélé, pé bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo ni òun ní, ṣùgbọ́n ó fẹ̀.

A tẹ̀ lé e. Ó fún wa ní tíì àti búrẹ́dì, ó bi wá pé kí là ń lọ ṣe lórí òkè. Ìyá ọmọ sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ti àìsàn náà, ti ẹ̀jẹ́ náà. Obìnrin náà gbọ́ ọ dópin, ó ń wo ọmọ náà. Lẹ́yìn náà, ó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ fún wa, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì sùn lórí àga ní pálọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ títí kó jẹ́ kí èmi sùn lórí àga, kò gbà. Èmi tí mo ti rò pé ìyá àgbà mi àti irú rẹ̀ ti tán láyé, mo dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn ẹni tí n kò mọ̀ rí, mo sunkún ayọ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kùrukùru bo òkè. Gbogbo wa pé jọ síwájú gbọ̀ngàn, mo mú ìwé mi tí baba ti dá padà jáde. Mo ní, "Ẹ má bínú sí mi, n ó kà yín. N ó fi àdúrà sí i."  Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọwọ́ lé orí kọ̀ọ̀kan wọn, ọmọ àti àgbà: ọ̀kan, Ọlọ́run á dá ọ sí, èjì, Ọlọ́run á dá ọ sí. Mo ka ara mi mọ́ ọn. Mo kà á tán, ó jẹ́ àádọ́ta. Mo ní mo ti ṣì í kà. Mo tún un kà, àádọ́ta. Ẹ̀rù bà mí. Ohun tí wọ́n ní yóò dín lọ́wọ́ mi ti lé.

Ìgbà náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ẹni tí mo gbé ọwọ́ lé lórí gbẹ̀yìn. Ìyá òyìnbó náà ni. Ó ti wọ bàtà òkè, ọ̀pá rẹ̀ wà lọ́wọ́ kan, ọwọ́ ọmọbìnrin ọdún márùn-ún yẹn wà ní ìkejì. Ó ní láti ìgbà tí ọkọ òun ti kú ni òun kò ti gun òkè náà mọ́. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n ka òun mọ́ wọn.

A gun òkè náà, díẹ̀díẹ̀ ni. Nígbà tí a dé orí rẹ̀, ọ̀dọ́mọbìnrin náà sọ ọmọ rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn, ó fi ẹsẹ̀ ọmọ náà méjèèjì tẹ orí òkúta, ó dojú bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. 

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ mi. N kò sọ pé ìyá àgbà mi ṣìṣe. Ní abúlé rẹ̀, bí ọmọ kan kò bá wálé, gbogbo àdúgbò á ti mọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, wọn kò nílò ìwé. Ibi tí a wà báyìí kò rí bẹ́ẹ̀. Níbí, ẹni tí kò bá sí nínú ìwé, kò sẹ́ni tó máa wá a. Ẹ máa ka àwọn ọmọ yín, ẹ fi àdúrà sí i. Kí a tó sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè náà, mo gba bírò lọ́wọ́ ẹnì kan, mo bi ìyá òyìnbó yẹn ní orúkọ rẹ̀, mo kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé, lẹ́yìn àwọn ọmọ, mo sì fi àádọ́ta síwájú rẹ̀.