Ojú Kejì Kásẹ́ẹ̀tì Ẹ̀gbọ́n Mi

Gáréèjì tí wọ́n ń pè ní Television ní Kaduna la ti gba kásẹ́ẹ̀tì náà lọ́wọ́ dírẹ́bà kan tó ti Èkó dé. Inú láílọ́ọ̀nù ló wà, kò sí lẹ́tà kankan pẹ̀lú ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló gbohùn sínú ẹ̀. Ó ń tọ́jú ìyá arúgbó kan nílùú òyìnbó, ìyá náà sì mú un dání wọ ọkọ̀ ojú òkun, irú èyí táwọn olówó máa ń wọ̀ fi ṣe fàájì lásán.

Èmi, màmá àti àbúrò màmá ọkùnrin la jókòó ti rédíò nínú pálọ̀ wa ní Ungwan Boro. Mo ti tó ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún nígbà náà, àmọ́ ẹnu mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bá a ṣe tẹ rédíò, ohùn ẹ̀gbọ́n mi jáde.

"Màmá, ọjọ́ kẹta rèé tá ò rí ilẹ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí wọ́n ń ṣe níbí ni oúnjẹ! Wọ́n á jẹ tàárọ̀ tán, wọ́n á lọ nà gbalaja sínú oòrùn bí ẹni sá èlùbọ́, kó tó di ọ̀sán wọ́n ti tún ń jẹ. Àwọn bàbá arúgbó ń kọ́ ijó. Wọ́n tún ṣe odò ìwẹ̀ sórí ọkọ̀, omi lórí omi!"

Màmá rẹ́rìn-ín títí. Àwa ará Kaduna, odò tá a mọ̀ ni èyí tí wọ́n ń fọ mọ́tò létí ẹ̀. Ni mo bá ní, "Tí wọ́n bá ń jẹun tó báyìí, ọkọ̀ yẹn á rì."

Ẹnu mi ò tíì padé tí fèrè fi dún nínú kásẹ́ẹ̀tì, léraléra. Ẹsẹ̀ ń sáré. Ẹnì kan ń pariwo pé kí gbogbo èèyàn jáde. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Yéè! Màmá—" Ojú kìíní tán. Rédíò dún kọ̀, ó dúró.

Mo nawọ́ láti yí kásẹ́ẹ̀tì sójú kejì. Màmá gbá ọwọ́ mi dànù.

"Ẹnu ẹ! Ẹnu ẹ náà nìyẹn! Mi ò fẹ́ gbọ́ bí ọmọ mi ṣe kú."

"Ẹ̀gbọ́n mi, haba!" àbúrò ẹ̀ ní. "Tó bá rì, ta ló fi kásẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́?"

"Ẹni tó rí i lójú omi."

"Kásẹ́ẹ̀tì tó bọ́ sómi kì í sọ̀rọ̀ mọ́."

"Ṣé o ti rì í wò rí?"

Kò tíì sí fóònù alágbèéká tá a lè fi pè é. Màmá so kásẹ́ẹ̀tì mọ́ etí ìró, ọjọ́ méjì ni ò fi jẹun gidi. Èmi tí mò ń fi gbogbo ayé ṣe yẹ̀yẹ́, àdúrà ni mo wá ń gbà. Tí mo bá ti dijú, fèrè ni mò ń gbọ́. Ká sòótọ́, èmi gan-an ò lè yí i. Mo gbà pé ẹnu ni mo fi ri ọkọ̀ òyìnbó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, màmá tú etí ìró. "Gbà. Ẹni tó sọ ọ́ ni kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ." Ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fìka di etí méjèèjì.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tì í bọnú rédíò lódì. Ó kọ́kọ́ ń ṣe shìì, shìì. Lẹ́yìn náà:

"Màmá, ẹ má bínú, ìdánrawò ni fèrè àná o! Wọ́n ń kọ́ wa bá a ṣe máa sá tí ọkọ̀ bá fẹ́ rì."

Mo kígbe. Màmá já wọlé, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rédíò. Ẹ̀gbọ́n mi ń bá ọ̀rọ̀ lọ: wọ́n fún kálukú ní ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, àwọn tó kù ti bọ́ tiwọn, wọ́n ti padà sídìí oúnjẹ. "Èmi ò tíì bọ́ tèmi látàná. Mo wọ̀ ọ́ jẹun, mo wọ̀ ọ́ sùn. Ìyá arúgbó ní mò ń dójú ti òun."

Màmá fẹnu sún mọ́ rédíò.

"Má dá ìyá arúgbó yẹn lóhùn," ó ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Má bọ́ ẹ̀wù yẹn o, ọmọ mi. Má bọ́ ọ."